Bí a ṣe ń ka àwọn ẹsẹ Bíbélì tó sọ pé Ọlọ́run kan ni: ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́ kíláàsì Bíbélì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ọjọ́ Ìsinmi, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó tètè ń dá awuyewuye sílẹ̀ níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa jọ gbà: Ọlọ́run kan ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé Ọlọ́run jẹ́ méjì. Ìgbà tí a bá ṣí Bíbélì ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ka Diutarónómì 6:4, ẹlòmíràn á fi Jòhánù 10:30 dá a lóhùn, ẹ̀kẹta á ní Jòhánù 17:3 ló parí ọ̀rọ̀. Tí wákàtí kan bá fi pé, a ti fi ẹsẹ mẹ́ta sọ̀kò síra wa, a ò sì tíì ka ìkankan nínú wọn dé ìdí.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é ní kíláàsì. Mo gba Mẹ́talọ́kan gbọ́ tọkàntọkàn, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé àwọn tó gbà á gbọ́ gan-an ló máa ń fi ẹsẹ tí kò rù ú gbé e ró, tí wọ́n á sì fo èyí tó rù ú. Bíbélì méjì ni kí ẹ mú, ti àtijọ́ àti ti èdè òde òní, pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka orí náà tán kí ẹ tó di ẹsẹ mú

Diutarónómì 6 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀: "Gbọ́, Ísírẹ́lì: OLÚWA Ọlọ́run wa, OLÚWA kan ni." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, *shema* ní Hébérù, dà bí "gbọ́" tiwa. Tí a bá ní ọmọ kan kì í gbọ́ràn, etí rẹ̀ kọ́ là ń bá wí. Mósè ń pè wọ́n kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì ṣe é.

Ẹ wá ka ohun tó tẹ̀lé e. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn OLÚWA. Ẹsẹ 7 ní kí wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn, ní ìjókòó nílé àti ní ìrìn lọ́nà. Ẹsẹ 9 ní kí wọ́n kọ ọ́ sára òpó ilé. Láti ẹsẹ 10, Mósè ń bá àwọn tó fẹ́ kó wọ ilé tí wọn kò kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tí yóò mu omi kànga tí wọn kò gbẹ́, ní ilẹ̀ tí Báálì àti Áṣérà ti ní ojúbọ. Ẹsẹ 14 wá là á mọ́lẹ̀: ẹ má tẹ̀lé ọlọ́run mìíràn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹsẹ 4 ń dáhùn ni "ta lẹ máa sìn?" Kò sí ẹni tó bi Mósè pé báwo ni Ọlọ́run ṣe rí nínú ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹsẹ yìí fọ́ Mẹ́talọ́kan àti ẹni tó bá ní ẹsẹ yìí fi Mẹ́talọ́kan hàn, ìbéèrè tí a kò gbé ka iwájú Mósè ni àwọn méjèèjì ń bi í.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ní gbólóhùn kan péré: *Ẹsẹ yìí ń dáhùn ìbéèrè wo?* Tí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ padà lọ ka orí náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ OLÚWA

Níbi tí Bíbélì Yorùbá bá ti tẹ OLÚWA ní lẹ́tà ńlá, orúkọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní Hébérù, lẹ́tà mẹ́rin tí àwa ń kọ ní YHWH. Àwọn Júù kì í pe orúkọ náà tí wọ́n bá ń kàwé. *Adonai*, Olúwa, ni wọ́n ń pè dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ìwé náà sí Gíríìkì, *Kyrios* ni wọ́n fi sí i. Ojú ọ̀nà kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tọ̀, títí odidi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo OLÚWA tó bá wà ní lẹ́tà ńlá nínú ẹsẹ yín. Ó máa wúlò tí a bá dé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù, torí Májẹ̀mú Tuntun kì í tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá fura lè gba ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà kọjá láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn "kan" wò, ẹ má sì di ẹrù tó pọ̀ jù lé e

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni *echad*. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń sọ pé *echad* túmọ̀ sí "ọ̀pọ̀ tó para pọ̀ di ọ̀kan," wọ́n á wá tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì 2:24, níbi tí ọkọ àti aya ti di ara kan, àti Nọ́ḿbà 13:23, níbi tí àwọn amí ti gé òṣùṣù èso àjàrà kan.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sọ́jà. Tí ẹ bá ra ìdì ẹ̀fọ́ kan, ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀ lè tó ogún. Níbo ni ogún náà ti wá? Inú "ìdì" ló ti wá. "Kan" kò ṣe ju kíkà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùṣù àjàrà: ọ̀pọ̀ wà nínú òṣùṣù, kò sí nínú *echad*. Oníwàásù 4:8 sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó dá nìkan wà, tí kò lọ́mọ, tí kò ní arákùnrin; *echad* kan náà ni wọ́n lò fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò gbe Mẹ́talọ́kan, kò sì ta kò ó. Oókan ni.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí, torí a ní "ọ̀kan," a ní "ẹyọ kan," a ní "ọ̀kan ṣoṣo," a ní "nìkan," a tún ní "ìṣọ̀kan." Ẹ bi ara yín pé èwo nínú wọn ni àyíká ẹsẹ náà ń béèrè fún. Nínú Diutarónómì 6, pẹ̀lú Báálì àti Áṣérà ní ẹ̀gbẹ́ kan, "nìkan" ló sún mọ́ ọn jù. Gbólóhùn Hébérù náà kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe rárá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin lásán ni lẹ́yìn "Gbọ́, Ísírẹ́lì." Ìdí nìyẹn tí àwọn olùtumọ̀ kan fi ní "OLÚWA kan ni," tí àwọn mìíràn sì ní "OLÚWA nìkan." Méjèèjì ló tọ́ lójú gírámà.

Ohun kan náà ni mo ní láti sọ nípa *Elohim*, ọ̀rọ̀ tí a tú sí Ọlọ́run, tó ní ìrísí ọ̀pọ̀. Ọmọ Yorùbá á rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá gbọ́ èyí, torí a ń fi "ẹ" pe àgbà kan, a sì ń fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ bàbá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ní Jẹ́nẹ́sísì 1:1, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá *Elohim* lọ jẹ́ ti ẹyọ ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe òrìṣà Dágónì ní 1 Sámúẹ́lì 5:7 àti òrìṣà Kémóṣì ní Àwọn Onídàájọ́ 11:24, kò sì sẹ́ni tó ní Dágónì jẹ́ mẹ́ta. "Ẹ jẹ́ kí a dá ènìyàn" ti Jẹ́nẹ́sísì 1:26 ṣòro ju ìyẹn lọ. Àwọn Kristẹni àtijọ́ gbọ́ ohùn Baba tó ń bá Ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbọ́ ohùn Ọba tó ń bá àwọn ẹmẹ̀wà ọ̀run sọ̀rọ̀, bíi ti 1 Àwọn Ọba 22:19. Èyí tó wù kí ẹ gbà, ẹ má fi ṣe òpó ilé. Àwa náà tí a ń fi "ẹ" pe bàbá wa, tí a bá kúnlẹ̀ àdúrà, "Ìwọ" la ń pe Ọlọ́run.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ni wọ́n ń bá wí?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Aísáyà 43 sí 46 ni ibi tí "kò sí ẹlòmíràn" ti pọ̀ jù nínú Bíbélì, àwọn tó wà nígbèkùn Bábílónì ni ọ̀rọ̀ náà sì wà fún. Ní 46:1, Bélì àti Nébò, àwọn òrìṣà Bábílónì, di ẹrù lórí ẹranko tó ti rẹ̀. Ní 46:4, OLÚWA ló ń gbé àwọn ènìyàn rẹ̀ títí dé ewú orí. Ìyàtọ̀ láàárín ọlọ́run tí à ń gbé àti Ọlọ́run tó ń gbé wa ni. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọlọ́run tí ẹsẹ yín ń ta kò sínú ìwé yín, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin ẹ mú Aísáyà 44:24 dání ṣá, níbi tí OLÚWA ti ní òun nìkan ló na ọ̀run.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tẹ̀ lé ẹsẹ náà wọ inú Májẹ̀mú Tuntun

Máàkù 12:28–34 ni ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Akọ̀wé kan bi Jésù pé òfin wo ló ṣáájú, Jésù sì ka Diutarónómì 6:4 fún un. Kò bù ú kù, kò fi kún un. Akọ̀wé náà dáhùn pé òótọ́ ni, ọ̀kan ni Ọlọ́run, kò sì sí òmíràn. Jésù sọ fún un pé kò jìnnà sí ìjọba Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ èyíkéyìí nípa Kristi tí kò bá lè jókòó pẹ̀lú Jésù àti akọ̀wé yìí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Kristi.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí 1 Kọ́ríńtì 8. Ẹran tí wọ́n pa fún òrìṣà ni wọ́n ń jà lé lórí: ṣé kí Kristẹni jẹ ẹ́? Ẹni tó bá dàgbà ní ìlú tí wọ́n ti ń pín ẹran ọdún òrìṣà ká mọ ìbéèrè náà láìsí àlàyé. Pọ́ọ̀lù gbà ní ẹsẹ 5 pé àwọn tí à ń pè ní ọlọ́run pọ̀, olúwa sì pọ̀. Ó wá sọ ní ẹsẹ 6 pé ní tiwa, Ọlọ́run kan ló wà, Baba, lọ́wọ́ ẹni tí ohun gbogbo ti wá. Àti Olúwa kan, Jésù Kristi, nípasẹ̀ ẹni tí ohun gbogbo fi wà.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Diutarónómì 6:4 bó ṣe wà ní Gíríìkì. *Kyrios*, Olúwa. *Theos*, Ọlọ́run. *Heis*, kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lẹ́nu Pọ́ọ̀lù. "Ọlọ́run" lọ sọ́dọ̀ Baba, "Olúwa" lọ sọ́dọ̀ Jésù, "kan" sì tẹ̀ lé ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ Júù tó ń ka ọ̀rọ̀ yẹn láràárọ̀ àti lálaalẹ́ kò lè ṣèèṣì to ọ̀rọ̀ báyẹn. Lójú tèmi, ńṣe ló ka ìjẹ́wọ́ Mósè pẹ̀lú Jésù nínú rẹ̀.

Àwọn kan kò gbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tiwọn ní kíláàsì yín. Wọ́n ní Baba nìkan ni Pọ́ọ̀lù pè ní Ọlọ́run níbí, pé Olúwa jẹ́ oyè tí Ọlọ́run fi dá Jésù lọ́lá. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ tó dúró lé: ẹ ka Ìṣe 2:36. Ohun tí mo máa ń fi dáhùn ni "nípasẹ̀" yẹn. Aísáyà 44:24 ní OLÚWA nìkan ló dá a. Pọ́ọ̀lù ní nípasẹ̀ Kristi ni ohun gbogbo fi wà. Tí a bá fa ìlà kan láàárín Ẹlẹ́dàá àti ẹ̀dá, ìhà wo ni Pọ́ọ̀lù fi Kristi sí? Fílípì 2:10–11 tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì: orúnkún tó wólẹ̀ fún OLÚWA ní Aísáyà 45:23 ló wólẹ̀ ní orúkọ Jésù, fún ògo Ọlọ́run Baba.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ la ojú ìwé kan sí mẹ́ta

Ní apá kìíní, ẹ kọ ẹsẹ tó ní Ọlọ́run kan ni. Ní apá kejì, ẹ kọ ibi tí a ti fún Ọmọ tàbí Ẹ̀mí ní ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan: Jòhánù 1:1–3, Hébérù 1:10, Ìṣe 5:3–4 níbi tí irọ́ sí Ẹ̀mí ti jẹ́ irọ́ sí Ọlọ́run. Ní apá kẹta, ẹ kọ ibi tí Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tàbí tí ọ̀kan ń rán èkejì.

Ẹ má fi ẹsẹ tó le pamọ́. Máàkù 13:32 ní Ọmọ kò mọ ọjọ́ náà. Jòhánù 14:28 ní Baba tóbi ju òun lọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ gàdàgbà. Ẹ wá wo bí Jòhánù fúnra rẹ̀ ṣe ń to nǹkan: ní orí 20, Jésù tó jíǹde ní òun ń gòkè lọ sọ́dọ̀ "Ọlọ́run mi àti Ọlọ́run yín" ní ẹsẹ 17, ní ẹsẹ 28, Tọ́másì pe Jésù náà ní "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi," Jésù kò sì bá a wí. Ẹsẹ mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ẹni tó ka ọ̀kan tó fo èkejì ti já Jòhánù sí méjì.

Jòhánù 10:30 ni ẹ máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù: "Ọ̀kan ni èmi àti Baba." Yorùbá fi ohun kan pamọ́ fún wa níbẹ̀. Ní Gíríìkì, *hen* ni ọ̀kan yẹn, "ohun kan", kì í ṣe *heis*, "ẹnìkan." Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀: *àwa* jẹ́ ọ̀kan. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni àtijọ́ kan, ti tọ́ka sí èyí ní nǹkan bí ọdún 213, nígbà tó ń dá Praxeas lóhùn, ẹni tó ní Baba náà ni Ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré ju bó ṣe yẹ lọ, torí Jòhánù 17:22 lo *hen* kan náà fún àwa onígbàgbọ́. *Hen* nìkan kò tó.

Ohun tó tó ni ẹsẹ méjì tó ṣáájú. Jésù ní òun ń fún àwọn àgùntàn òun ní ìyè, kò sì sí ẹni tó lè já wọn gbà lọ́wọ́ òun. Ó tún ní kò sí ẹni tó lè já wọn gbà lọ́wọ́ Baba. Ẹ ṣí Diutarónómì 32:39: kò sí ọlọ́run kan pẹ̀lú mi, mo ń pa, mo ń sọ di ààyè, kò sì sí ẹni tó lè gbani lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ kan ló wà ní Diutarónómì. Nínú Jòhánù, Jésù pè é ní ọwọ́ òun, ó pè é ní ọwọ́ Baba, ó wá ní ọ̀kan ni àwa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mo pa ìwé dé, mo sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Òkúta tí àwọn Júù he ní ẹsẹ 31 láti sọ lu Jésù kò tún yà mí lẹ́nu mọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dán ìtumọ̀ yín wò

Ìtumọ̀ tó dára kò gbọdọ̀ pa apá kankan rẹ́ nínú mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá pa apá kẹta rẹ́ ti di ọmọ ẹ̀yìn Sabellius ní ọ̀rúndún kẹta: ẹnìkan ṣoṣo tó ń pààrọ̀ ojú. Ẹni tó bá pa apá kejì rẹ́ ti di ọmọ ẹ̀yìn Arius, tó ní ẹ̀dá ni Ọmọ, ẹni tí ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea dá lóhùn ní 325 pé ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ jẹ́. Ìgbìmọ̀ Constantinople ní 381 sì fi ìjẹ́wọ́ Ẹ̀mí Mímọ́ kún un. Ẹni tó bá pa apá kìíní rẹ́ ti ní ọlọ́run mẹ́ta, ó sì ti já *shema* sílẹ̀. "Mẹ́talọ́kan" kò sí nínú Bíbélì, òótọ́ ni. Orúkọ tí a fún ojú ìwé olápá mẹ́ta yẹn ni.

Ẹ lè bá àwọn ará wa tó ń ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Jésù nìkan, tí wọ́n sì ní Jésù náà ni Baba, pàdé. Ẹ̀kọ́ wọn gbérí láàárín àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì lẹ́yìn ìpàgọ́ Arroyo Seco nítòsí Los Angeles ní 1913, ó sì pín ìjọ Assemblies of God níyà ní 1916. Wọ́n fẹ́ràn Jésù púpọ̀, ẹ má sì bá wọn sọ̀rọ̀ bíi pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ka Jòhánù 14:9, "ẹni tó bá ti rí mi ti rí Baba." Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ jọ kà á dé ẹsẹ 16, níbi tí Jésù ti ní òun yóò bẹ Baba, tí Baba yóò sì fúnni ní Olùtùnú *mìíràn*.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé omi àti ẹyin sílẹ̀

Ọdún kan, mo fi omi, yìnyín àti ooru ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan ní kíláàsì. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Màmá àgbà kan wá bi mí pé, "Ọmọ mi, nígbà tí Jésù ń gbàdúrà ní Gẹtisémánì, ṣé yìnyín ló ń bá omi sọ̀rọ̀?" Mi ò rí èsì fún un. Omi tó di yìnyín kì í ṣe ooru mọ́ ní àkókò kan náà. Ẹ̀kọ́ Sabellius ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹyin kò sàn jù ú lọ, torí èèpo ẹyin nìkan kì í ṣe ẹyin. Láti ọjọ́ náà, ojú ìwé olápá mẹ́ta ni mò ń fi kọ́ni.

Ẹ gbé 1 Jòhánù 5:7 sílẹ̀ náà, bí Bíbélì yín bá ní "Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́" níbẹ̀. Kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì àtijọ́. Erasmus, ọ̀mọ̀wé tó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì, kò fi sí èyí tó tẹ̀ ní 1516 àti 1519. Ọdún 1522 ló fi sí i. Ẹ̀kọ́ náà kò nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Tó bá jẹ́ ẹbí yín tó jẹ́ Mùsùlùmí ló béèrè

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni ló jọ ń jẹun, ẹ̀gbọ́n yín lè bi yín lọ́jọ́ Iléyá pé ṣé ọlọ́run mẹ́ta lẹ ń sìn. Ẹ dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan: rárá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mẹ́talọ́kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Máàkù 12:29, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu Jésù pé Ọlọ́run kan ni. *Ahad* tí wọ́n ń kà nínú Súrà 112 àti *echad* ti Mósè, ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá ṣì fẹ́ gbọ́, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè jọ ka Jòhánù 10 láti ẹsẹ 22, kí ẹ má sì dúró títí ẹ ó fi dé ẹsẹ 39.